Bí Ọ̀gá Ọláyíwọlá Ṣe Ka Àwọn Ará Ulérọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tèmi tẹ́rùn kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé Ọláyíwọlá kò ṣeé fi ojú líle sọ. Kí ọkùnrin yìí tó lọ sí Kairo, olú ìlú Íjíbítì, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Akọ̀wé ìjọba ni l'Adó-Èkìtì. Àdúgbò Adébáyọ̀ ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́ nítòsí Fájuyì, ó sì máa ń kí àwọn tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọdún 1977, ìjọba rán an lọ sí Kairo kó lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ bí a ṣe ń mọ iye ènìyàn inú ìlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré o! Adìyẹ tó bá sàba lẹ́ẹ̀mejì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì torí ìyẹn pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá gbogbo ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bámidélé dé, ilẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó dé fìlà pupa kan tó ní okùn dúdú gbọọrọ lórí, èyí tí àwọn oníṣòwò Kairo tà fún un nígbà tí wọ́n rí i pé àlejò ni, tí ọmọ ìlú wọn kankan kì í sì í dé irú rẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n kọ pátákó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀: Ọ̀GÁ ÀGBÀ, ÌMỌ̀ IYE ÈNÌYÀN. Ẹni méjì péré ló wà nínú ọ́fíìsì náà, òun àti Sùnmọ́nù, akọ̀wé rẹ̀ tó wá láti Ìwó, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn méjì bá wà, ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, dandan ni kí Sùnmọ́nù dìde, kó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kó ní, "Ẹ kú orí pípé, sà. Ẹ kú ìrìn àjò Kairo." Ọdún kan ti kọjá tí ọ̀gá ti ti Kairo dé, Sùnmọ́nù ṣì ń kí i kú ìrìn àjò.

Bí ẹ bá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ òjò, Kairo ni yóò já sí. "Ẹ̀yin ò rí nǹkan!" ni yóò wí. "Àwọn ará Íjíbítì ka ara wọn ní 1976, wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì. Níbo ni gbogbo wọn wà? Etí odò Náílì! Aṣálẹ̀ ni ìyókù. Ènìyàn lórí ènìyàn! Bí ẹnì kan bá sín ní Kairo, ènìyàn méjìlá ló máa nu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ wo Fájuyì níhìn-ín. Ẹ wò ó! Ènìyàn lè na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láìkan ẹnì kankan. Ṣé ìlú nìyẹn?"

Nílé, ó máa ń wo tábìlì oúnjẹ, á mí kanlẹ̀. "Ẹ̀bùnọlá, ènìyàn mẹ́rin péré ló wà nínú ilé yìí. Ìtìjú ni." Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, á ní, "Bàbá Ayọ̀kúnlé, ẹ jẹun. Iyán ń tutù."

Kò pẹ́ tí lẹ́tà kan fi dé láti Àkúrẹ́. Ìjọba ní abúlé tàbí ìlú kéékèèké tó bá ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ó kéré tán, tó sì ti ní ilé tí wọn yóò fi ṣe ilé ìgbẹ̀bí nílẹ̀, àwọn yóò fún un ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, bẹ́ẹ̀dì àti oògùn. Ìwé náà ní ojú ewé méjì. Ọ̀gá ka ojú ewé kìíní, ó rí i pé òun ni kí ó ka àwọn ènìyàn náà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò ṣí ìkejì. Ó tún ti gbọ́ lẹ́nu àwọn aláhesọ pé ipò Olùdarí ṣí sílẹ̀ l'Àkúrẹ́, pẹ̀lú mọ́tò Pijó àti awakọ̀, àti pé ẹni tí ìròyìn rẹ̀ bá ta yọ ló máa jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀yìn mọ́tò ló ń jókòó sí nínú àlá rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀ ni obìnrin méjì láti Ulérọ̀, abúlé ńlá kan tó wà lẹ́yìn Ìyìn-Èkìtì. Àgbà nínú wọn ni Yèyé Adéọlá, olórí àwọn obìnrin abúlé náà. Ìkejì ni ìyàwó ọmọ rẹ̀, Kíkẹ́lọmọ, tó gbé oyún oṣù márùn-ún.

"Ọ̀gá, ẹ kú uṣẹ́ o," ni Yèyé Adéọlá wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí ìjọba ni ìjọba ń jẹ́. "Ulé ti wà nílẹ̀. Ulé tí a máa ń kó kòkó sí látijọ́ ni. A ti rẹ́ ẹ, a ti kùn ún, a ti gbé ilẹ̀kùn sí i. Nọ́ọ̀sì ló kù."

Ọ̀gá fi ọwọ́ tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. "Màmá, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń bèèrè. Nǹkan ìmọ̀ ni. Ní Kairo..."

Kíkẹ́lọmọ kò jẹ́ kó dé Kairo. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Lójú ọ̀nà Ìyìn ni àkọ́bí mi kú sí. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wà, àárín àwọn àpò kòkó, a ń sáré bọ̀ l'Adó. Èyí tó wà nínú mi yìí, oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa bí i. Mi ò fẹ́ bí i sójú títì."

Ẹni tó bá ní ọkàn yóò dákẹ́ síbẹ̀ ná. Ọ̀gá kò dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìgbà tí àgbà bá ń wo ọmọdé tó ń fi iyanrìn se ọbẹ̀. "Obìnrin, ọmọ kan lò ń sọ. Èmi, mílíọ̀nù ni wọ́n kọ́ mi láti máa sọ. Ẹ padà sílé, ìmọ̀ ń bọ̀ wá bá yín."

Ìmọ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù kẹwàá. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n lu agogo káàkiri Ulérọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sóko lọ́jọ́ náà: kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé títí ìjọba yóò fi kà wọ́n tán. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi tí ojú ti là. Ó gbàgbé pé àwọn ará Ulérọ̀ mọ ìtàn tiwọn. Láti ayé àwọn agbowó-orí, bí ẹnì kan bá ti mú ìwé àti pẹ́ńsùlù wọ ìlú láti wá ka ọkùnrin, oko lọ̀nà. Yèyé Adéọlá bẹ̀ wọ́n títí, ó ní nítorí nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ọkùnrin ní, "Nọ́ọ̀sì wo ló ń fi agogo pe ènìyàn?" Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kó àwọn ìyàwó àti ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí egúré, abà oko wọn, ó di inú igbó kìjikìji.

Ọ̀gá bá ewúrẹ́. Ó bá àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gba igbó mọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ wọn, àti bàbá afọ́jú kan tó na ọwọ́ sí i tó ní, "Agbowó-orí, mo ti san tèmi lọ́dún tí ọba àná wàjà." Nígbà tí Sùnmọ́nù ṣe ìṣirò tán, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni wọ́n. Ojú ọ̀gá wálẹ̀. Ta ni yóò fi ènìyàn ọ̀ọ́dúnrún gun mọ́tò Pijó?

"Ọ̀gá," ni Sùnmọ́nù wí, "ẹ jẹ́ kí n bá Yèyé Adéọlá rìn láti oko dé oko. Wọ́n á gbọ́ ti Yèyé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta a ó ti ṣe tán."

"Sùnmọ́nù, ṣé ìwọ ti dé Kairo rí?"

"Rárá, sà. Ìwó ni mo ti wá."

"Ó hàn."

Ọgbọ́n tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dá nìyí: ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́dún tí ará Ulérọ̀ kankan kì í sá lọ sóko, ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Onígbàgbọ́ ni, aláìgbàgbọ́ ni, gbogbo wọn ló ń wálé ìkórè. Nítorí náà, ibi ìkórè lòun yóò ti kà wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ìkórè rí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè, ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn ni wọ́n fi ń pè é jáde. Wọ́n á pe àwọn ọmọ Ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jó jáde tàwọn ti iṣu àti àgbàdo wọn. Wọ́n á pe Ọjọ́ Ajé, títí dé Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n á pe ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí, wọ́n á pe ìdílé, wọ́n á pe àwọn àgbẹ̀, àwọn olùkọ́, àwọn ìyá ìbejì, àwọn àna ìlú. Kò sì sí ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ á jáde fún ọjọ́ tìrẹ, o ó bá ọkọ rẹ jáde, o ó bá aládùúgbò rẹ jáde. Obìnrin tó bá jókòó nígbà tí wọ́n pe ọjọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìjà ló ń wá, wọn yóò sì bá a jà títí di ìkórè ọdún kejì.

Ọ̀gá mọ gbogbo èyí! Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i, ọdọọdún ló sì ń bá Ẹ̀bùnọlá jó ijó Ọjọ́ Ìṣẹ́gun l'Adó. Ìmọ̀ náà wà lágbárí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kairo ti jókòó lé e mọ́lẹ̀.

Pápá ilé-ìwé ni wọ́n ti ṣe ìkórè náà nínú oṣù kọkànlá, torí inú ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà wọ́n. Ọ̀gá jókòó lábẹ́ ìbòòji níwájú, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó rà bọ̀ láti Kairo dání, tó ń dún kẹ́ nígbàkúùgbà tó bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ènìyàn kan, kẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn tú jáde, ẹ̀rọ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ìgbà tí adìyẹ ń ṣa ọkà lórí páànù. Wọ́n ń jó kọjá, wọ́n ń padà jókòó, wọ́n tún ń dìde.

Mùsùlùmí ni Sùnmọ́nù; kò rí ìkórè rí, ojú rẹ̀ sì ń ríran dáadáa. Ó fẹnu sí ọ̀gá létí. "Ọ̀gá, mo ti rí màmá yìí tẹ́lẹ̀."

"Èwo?"

"Yèyé Adéọlá tó wá sí ọ́fíìsì wa. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún wọn nìyí."

"Má pariwo. Àwọn àgbà obìnrin Èkìtì jọ ara wọn. Ní Kairo, mo rí ìyá mẹ́wàá tó jọ ìyá mi."

"Bàbá tó ń tiro yìí ńkọ́, sà? Ó ti kọjá nígbà mẹ́fà."

"Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tiro láyé ni? Sùnmọ́nù, ìwọ ń ba ìmọ̀ jẹ́!"

Nígbà tí wọ́n pe Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ dìde, ó jó jáde, ó sì tẹ ẹ̀rọ fún ara rẹ̀, kẹ́. Wọ́n pe Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó jó jáde, kẹ́. Wọ́n pe àwọn àlejò pàtàkì. Ta ló tún pàtàkì jù ú lọ? Kẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ sọ iye tó rí: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ó lé mọ́kànlá. Omijé bọ́ lójú ọ̀gá. Ó jókòó ti ìwé, ó kọ ìròyìn olójú ewé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì fi hàn nínú orí keje pé bí a bá wo bí ilẹ̀ Ulérọ̀ ti kéré tó, àwọn ènìyàn ibẹ̀ há mọ́ ara wọn ju àwọn ará etí odò Náílì lọ. Àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́ wá sí Adébáyọ̀ láti bá a yọ̀. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ la ojú wa." Èkejì ní, "Bí ẹ bá dé Àkúrẹ́, ẹ má gbàgbé wa." Ẹ̀kẹta kò rí nǹkan sọ mọ́, ó ní orí ọ̀gá tóbi, ọ̀gá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì dé láti Àkúrẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Ojú ewé kejì lẹ́tà àkọ́kọ́ ni wọ́n tọ́ka sí: ìlú tó bá lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò sí nínú ètò ilé ìgbẹ̀bí. Ilé ìwòsàn ńlá ló tọ́ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi sùúrù dúró de Ètò Ìdàgbàsókè tó ń bọ̀, èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún, aṣojú ìjọba, yóò wá fojú ara rẹ̀ rí ìlú àrà yìí nínú oṣù Kìíní.

Yèyé Adéọlá àti Kíkẹ́lọmọ tún dé ọ́fíìsì. Oyún ti pé oṣù méje. Àga ni Sùnmọ́nù fà fún un kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀.

"Ọdún 1981?" ni Kíkẹ́lọmọ wí. "Ọ̀gá, ṣé kí n gbé oyún yìí dúró dè yín títí di ìgbà náà ni?"

"Arábìnrin, ẹ̀yin kì í ṣe ará abúlé mọ́. Mo ti sọ yín di ìlú ńlá! Àwọn ará ìlú ńlá kì í bímọ sínú ilé kòkó."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń bí mi di òní. Kíkẹ́lọmọ di ọwọ́ Yèyé rẹ̀ mú, ó dìde, wọ́n sì lọ wá ọkọ̀ Ìyìn.

Ìgbà tí oṣù Kìíní kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ba ọ̀gá. Níbo ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá yóò ti jáde wá? Ó gbéra lọ sí Ulérọ̀, ó kó wọn jọ, ó la ọ̀nà sílẹ̀: bí aṣojú bá ti jókòó, kí wọ́n máa jó kọjá níwájú rẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé-ìwé, kí wọ́n pààrọ̀ fìlà àti gèlè, kí wọ́n tún jó kọjá, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀meje. "Mo ti ṣe yín lógo," ni ó wí, "ẹ má ṣe dójú tì mí."

Yèyé Adéọlá ní, "A gbọ́, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí àgbà obìnrin bá ní òun gbọ́, tí kò sì béèrè nǹkan kan, ẹ tètè wá nǹkan dì mú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Sùnmọ́nù gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Òun àti Yèyé rìn láti egúré dé egúré, Kíkẹ́lọmọ sì jókòó sílé, ó ń bá àwọn tó bá kọjá sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ: kì í ṣe owó-orí, ẹ wá, kí ẹ jókòó síbi ọjọ́ tí wọ́n bí yín, kí ẹ má sì dìde.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún sọ̀ kalẹ̀ ní pápá lọ́jọ́ náà, ó bá gbogbo Ulérọ̀ lórí ìjókòó, ìlà méje, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá dìde, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nípa odò Náílì. Ó wá na ọwọ́ sí àwọn akọrin, orin sì gbà. Ẹnì kankan kò mira. Ó tún na ọwọ́. Ọmọdé kan fẹ́ dìde jó, ìyá rẹ̀ fà á jókòó.

"Ẹ dìde! Ẹ yípo!" ni ọ̀gá kígbe.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ń dùn wá," ni Yèyé Adéọlá dáhùn láti ibi tó jókòó sí.

Aṣojú pe Sùnmọ́nù, àwọn méjèèjì sì gba àárín ìlà kọ̀ọ̀kan kọjá, wọ́n ń kà. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mẹ́rìnlélógún.

"Ìyókù wà létí odò, sà!" ni ọ̀gá wí, òógùn ti bò ó. "Bí ti Íjíbítì gan-an!"

"Odò wo?"

Wọ́n ní kí wọ́n lọ wò ó. Odò Ulérọ̀ nìyẹn, tí ewúrẹ́ ń là kọjá tí ikùn rẹ̀ kì í tutù. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, àti aṣọ tí ẹnì kan sá sórí òkúta. Wọ́n padà sí pápá.

"Ọjọ́ ìkórè ni mo kà wọ́n, sà," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń kọjá."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún wò ó títí. Òun náà jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì l'Àkúrẹ́. "Ìkórè? Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọjọ́ Ẹtì, sà."

"Ẹ̀yin náà jáde?"

"Mo jáde, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wo òkè, Kairo kò sọ nǹkan kan fún un. "Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

"Ẹ sì ka ara yín lẹ́ẹ̀mẹta?"

Ẹ̀rín tó bú sáyé lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Ìyìn. Bàbá tó ń tiro ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó di ikùn mú. Àwọn akọrin pàápàá kò rí orin kọ mọ́. Ọ̀gá jókòó sórí koríko, kò sì sí ẹni tó fà á dìde.

Ẹlòmíràn ló jókòó sí ipò Olùdarí. Kí oṣù Kìíní tó parí, Nọ́ọ̀sì Monínúọlá ti dé Ulérọ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, wọ́n sì yọ pátákó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá. Iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún un ni pé kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ulérọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀ sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn aboyún wà lórí bẹ́ǹṣì, ó tò sẹ́yìn wọn. Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ bàtà, kó fọ ọwọ́, ó bọ́ bàtà, ó sì fọ ọwọ́. Kíkẹ́lọmọ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé kòkó, ọmọbìnrin pupa kan ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dún mùkẹ̀-mùkẹ̀. Ọ̀gá ṣí ìwé. Ó ya ẹnu, bóyá Kairo ló fẹ́ bọ́ síbẹ̀, ó sì tún pa á dé.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ o," ni Yèyé Adéọlá wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, Yèyé," ni Kíkẹ́lọmọ dáhùn. Ó gbé ọmọ náà sókè díẹ̀ kí ọ̀gá lè rí i dáadáa. "Ẹ kà á, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o."

Ọ̀gá kọ oókan sínú ìwé, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè wọlé.